Ọkọ̀ Tí A Fi Bẹ́ǹṣì Ṣe

Bí mo bá ti ní mo ti ṣe Rìsáfù Néfì rí, ní Ìlọrin níbí, ẹ̀rín làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń rín. Wọn á wò mí látòkè délẹ̀, wọn á wo híjáàbù mi, wọn á ní, "Ìlọrin wo? Ṣé Ìlọrin tí ò lókun, tí ò lọ́sà yìí náà?" Èmi náà á bá wọn rín in, torí òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kí èèyàn tó kúrò nílùú wa kó tó fojú kan òkun, á sùn nínú ọkọ̀, á jí, á tún sùn. Àmọ́ mo ṣe é. Mo sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé bí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ti kọ́ṣẹ́ kọjá lónìí, n kì í lè yára rìn. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù gba ìdajì pápá náà. Ibi tí ọkọ̀ wa máa ń wà gan-an, ẹnì kan ń ta páànù níbẹ̀ báyìí. Bó bá ti rí mi tí mo dúró, á ní kí n wọlé wá wo ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa, torí mo kórìíra kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ máa wò ó sùn-ùn. Néfì ni àwọn ológun tó ń ṣọ́ omi. Ìyẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwa Rìsáfù kì í ṣe ológun ojoojúmọ́. Kálukú ló níṣẹ́ tiẹ̀, kálukú ló ń sùn nílé ẹ̀. Àmọ́ wọ́n á ti kọ́ wa níṣẹ́ omi sílẹ̀, débi pé bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀, bí ọkọ̀ bá dojú dé, tàbí tí ọ̀ràn bá dé tí ọwọ́ àwọn ológun gan-an ò tó, wọ́n á pè wá, a ó sì lọ. Bí wọn ò bá pè wá, a wà nídìí iṣẹ́ wa. Ọ̀gá tó kọ́ wa máa ń sọ pé ìdúró ni iṣẹ́ Rìsáfù. "Ẹ̀ ń dúró," wọ́n á ní, "ṣùgbọ́n ẹ ti wọ bàtà."

Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni Ọ̀gá. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ Néfì létí òkun, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà wálé, wọ́n kọ́lé sí àdúgbò Adéwọlé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fẹ̀yìn tì ń jókòó síwájú ilé, wọ́n ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá. Ara Ọ̀gá ò gba ìyẹn. Wọ́n bẹ àwọn ọ̀gá wọn àtijọ́ ní Èkó títí àwọn yẹn fi gbà pé kí wọ́n kó èèyàn díẹ̀ jọ ní Ìlọrin kí wọ́n kọ́ wọn. Bí a bá yege ìdánwò lójú omi, wọ́n á gbà wá sí Rìsáfù, wọ́n á sì kó wa lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti lọ kọ́ èyí tó kù lórí òkun. Gbogbo àdúgbò fi wọ́n ṣẹ̀rín. Wọ́n ń bi wọ́n pé ṣé inú bàsíà ni wọ́n ti fẹ́ máa jagun. Ọ̀gá ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ta wá ni wọ́n rí kó jọ? Kò kúkú sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú wa. Ọmọkùnrin kan wà tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀fà Garage. Ohùn ẹ̀ le débi pé bó bá pe èrò, ẹni tí ò lọ síbì kankan á dáhùn. Nọ́ọ̀sì kan wà, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bínú àyàfi bí ebi bá ń pa á. Káfíńtà kan ló gbẹ́ àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní àdúgbò Post Office, kì í fẹ́ kí bàtà ẹ̀ dọ̀tí rárá. Bó ṣe wá rò pé iṣẹ́ omi ló yẹ òun, Ọlọ́hun ló yé. Àwọn yòókù náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa ò ju ẹni tí ọkọ̀ kan lè gbé lọ.

Èmi, télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí báńkì ọmọkùnrin yẹn. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá gbé aṣọ funfun wá pé kí n rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn èèyàn wọn. Mo bi wọ́n pé èwo ni obìnrin máa wọ̀ wọnú omi tí ara ẹ̀ ò ní hàn síta. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo jẹ́ télọ̀, ìwọ ni kó o sọ fún mi." Inú bí mi. Bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ pè mí níjà, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe, ọjọ́ yẹn n ò sì tilẹ̀ jẹun ọ̀sán. Mo rán ṣòkòtò tó fẹ̀, mo fi okùn sí i lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo rán ẹ̀wù tó dé orúnkún. Mo rán ìborí mọ́ ọrùn ẹ̀wù náà kí omi má baà gbé e lọ. Nígbà tí mo parí ẹ̀, mo wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Ó wù mí. Bí mo ṣe wọ Rìsáfù nìyẹn. Ẹlòmíì á ní ìfẹ́ ìlú ló mú òun wọ̀ ọ́. Aṣọ ló mú èmi.

Bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, àáfà ni wọ́n. Iwájú agbo ilé wa, nínú ìlú àtijọ́, ni ilé kéwú wọn wà. Ìdajì ìlú ló ti jókòó sórí ẹní wọn rí, tó fi jẹ́ pé wọn ò lè rìn dé ìkóríta kí ẹnì kan má tíì bẹ̀rẹ̀ kí wọn, kí ẹlòmíì má tíì kúnlẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àmọ́ wọ́n bẹ̀rù omi. Wọ́n máa ń sọ fúnra wọn pé omi tí àwọn mọ̀ ni èyí tó wà nínú búútà àlùwàlá, pé èyí tó bá ti jù ú lọ, kí Ọlọ́hun máa fi ṣe tiẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ wọ Rìsáfù, ohun tí wọ́n bi mí ni ibi tí a ti ń kọ́ ọ. Mo ní pápá ilé-ìwé ni. Wọ́n ní, "Pápá kì í ṣe omi. Máa lọ." Mo gbọ́ tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé.

Pápá kì í ṣe omi lóòótọ́. Láràárọ̀ Sátidé, a ó kó bẹ́ǹṣì inú kíláàsì jáde, a ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, a ó fi okùn yí wọn ká kó lè rí bí ọkọ̀. Bí o bá ti gbẹ́sẹ̀ kọjá okùn yẹn, o ti wà lójú omi nìyẹn. Ọ̀gá ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Wọ́n á ní ẹni náà ti rì, kó lọ dúró sábẹ́ igi. Bí wọ́n bá fọn fèrè, a ó ki àjẹ̀ bọ inú afẹ́fẹ́, a ó fà á, a ó gbé e sókè pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, a ó máa fi apá àti ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, adìyẹ á máa gba abẹ́ wa kọjá. Àwọn tó ń lọ sọ́jà á dúró wò wá. "Ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má rì sínú koríko." "Ẹ bá wa pa ẹja bọ̀." Oníkẹ̀kẹ́ wa kì í dákẹ́ fún wọn. Látorí bẹ́ǹṣì lá ti máa sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ lọ ata sílẹ̀, ẹja ń bọ̀.

Ohun tí Ọ̀gá tẹnu mọ́ jù ni bí a ṣe ń gba ẹni tó ń rì. Wọ́n ní ẹni tó ń rì kì í mọ ọmọ, kì í mọ ìyá, ẹni tó wá gbà á gan-an ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Torí náà, ẹ̀yìn lèèyàn ń gbà yọ sí i, á fi apá kan gbá a mú lábẹ́ àgbọ̀n, á sì pàṣẹ fún un. "Ẹ ò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́ o. Ẹni tó ń rì ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àṣẹ ni kẹ́ ẹ pa." Èmi àti nọ́ọ̀sì la jọ máa ń fi ara wa dán an wò nínú koríko. Á wọ́ mi lọ, èmi náà á wọ́ ọ bọ̀, títí eèmọ́ koríko á fi lẹ̀ kún aṣọ wa.

Ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn ni ọ̀nà mọ́sálááṣí gbà, àwọn àgbà sì máa ń gbabẹ̀ kọjá. Ẹ mọ̀ bí a ṣe rí nílùú wa. Bí àgbà bá ti yọ, iṣẹ́ tán lọ́wọ́ nìyẹn. A ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀, àwa obìnrin á kúnlẹ̀, a ó kọjú sí wọn, a ó kí wọn délé kí wọn dóko. Wọ́n á ṣàdúà pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. A ó ṣe àmín, a ó padà sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá gan-an ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ro nǹkan kan sí i nínú wa, torí ilẹ̀ la wà, ilẹ̀ kì í dojú dé.

Mo máa ń rántí àwọn èèyàn yẹn. Nọ́ọ̀sì ti lọ sí òkè òkun, ó máa ń pè mí lórí fóònù bí Ramadan bá kù díẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín títí kírẹ́díìtì á fi tán. Káfíńtà ti darúgbó. Oníkẹ̀kẹ́ ti ní kẹ̀kẹ́ tó pọ̀, àwọn ọmọ ló ń bá a wà á. Bó bá rí mi ní Post Office, kò ní bìkítà fún ẹni tó wà nítòsí, á kàn pariwo "Gbé àjẹ̀ sókè!" àwọn èèyàn á sì máa wò wá. Ayé ìgbà yẹn dùn. A ò ní nǹkan kan, àmọ́ gbogbo Sátidé la máa ń lọ sójú omi.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá yá ọkọ̀ ojú omi kan. Mo sọ fún Bàbá pé ó ti di odò Asà báyìí o. Wọ́n wá kọ́ mi ní àdúà kan tí màá máa ṣe kí n tó tẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n sì bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ gbé mi, ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí mo ti ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì látọjọ́ yìí náà ló ń gbé mi lọ. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú omi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ibi tí a máa ń lọ yẹn dá, àgbà kan ò gbabẹ̀. A ń lọ, a ń bọ̀, títí Ọ̀gá fi ní a ti tó ẹni tó ń ṣèdánwò.

Ìgbà náà lọ̀rọ̀ Èkó délẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ bá Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "N ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, n ò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Màá wá síbi ìdánwò yẹn, màá fojú ara mi wò ó. Bí ọkàn mi bá gbà á, wàá lọ. Bí kò bá gbà á, wàá gbé aṣọ funfun yẹn kọ́, a ò sì ní sọ ọ́ mọ́." Ẹ má bi mí bóyá ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Mo ti ń bọ́ ara mi. Àmọ́ nílé wa, ọmọ tí ò tíì relé ọkọ kì í rìnrìn àjò kọjá ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀, èmi náà ò sì ní lè lọ kí ọkàn wọn má bá mi lọ. Mo fẹ́ Èkó yẹn. N ò tíì rí òkun rí láyé mi, mo sì ti ń lá àlá ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wá dọwọ́ ohun tí Bàbá bá rí létí odò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá méjì wá láti Èkó, wọ́n dúró sétí omi pẹ̀lú Ọ̀gá. A wọnú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ṣì í. A gbé àjẹ̀ sókè pọ̀, a kì wọ́n bọ omi pọ̀, ọkọ̀ ṣí kúrò létí bèbè, ó lọ geere. Mo rí àwọn ará Èkó tí wọ́n wo ara wọn, tí ọ̀kan mi orí pé ó dáa. Bàbá ò tíì dé, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun nínú pé kí wọ́n tètè dé kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń lọ yìí.

Wọ́n dé. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn wa ní bèbè, ohùn tí wọ́n fi ń ṣe kéwú: "Sálámù aléékù." Wọ́n wọ jàlàbíà funfun, wọ́n wé láwàní. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe sálámà yẹn báyìí, gbogbo ọkọ̀ dìde. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, èmi àti nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, gbogbo wa kọjú sí apá kan ṣoṣo tí àáfà wà, a ní, "Aléékù sálámù, ẹ káàárọ̀ Bàbá." Mi ò mọ̀ bóyá a parí "Bàbá" yẹn. Ọkọ̀ dojú dé, ó sì dà wá sómi pátápátá, tàwa tàjẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì gbé wa sókè. Nígbà tí mo yọ, ìborí ti bò mí lójú. Mo gbọ́ fèrè Ọ̀gá, mo gbọ́ ohùn oníkẹ̀kẹ́ tó ń ka orúkọ wa bóyá a pé. Nígbà tí mo sún ìborí kúrò lójú, ohun tí mo rí ni Bàbá mi nínú omi. Wọ́n ti bọ́ sódò pẹ̀lú jàlàbíà, pẹ̀lú bàtà. Wọ́n ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, omi ti mù wọ́n dé àyà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń pe oríkì mi. Ọ̀gá ń kígbe pé kí wọ́n dúró. Wọn ò gbọ́. Wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ odò sì tán lábẹ́ wọn. Láwàní wọn nìkan ló kù lójú omi.

Ẹ̀rù bà mí. N ò ní sọ pé kò bà mí. Àmọ́ apá mi ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí n tó ronú. Mo gba ẹ̀yìn yọ sí wọn, mo gbá wọn mú lábẹ́ àgbọ̀n, irùngbọ̀n wọn tutù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń jà, wọ́n fẹ́ yí padà gbá mi mú. Mo wá pàṣẹ fún bàbá tó bí mi lọ́mọ. Mo ní, "Ẹ má mì! Ẹ wo òkè!" Mi ò sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣíwọ́ ìjà. Wọ́n wo òkè. Mo fà wọ́n bọ̀ létí omi, Ọ̀gá àti ọmọ báńkì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Wọ́n wúkọ́ títí. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bẹ Bàbá. Gbogbo wa kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, omi ń ro tó-tó-tó lára wa. Bàbá wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún omi kúrò nídìí jàlàbíà wọn, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ sílé. Àwọn ará Èkó ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ omi, afẹ́fẹ́ ti da ọkọ̀ nù lójú òun, ìgbì ti da ọkọ̀ nù, àmọ́ òun ò tíì rí ọkọ̀ tí ìkíni dà nù. Wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́sẹ̀ mélòó kan sí i. Ìyẹn ò tilẹ̀ dùn mọ́ mi. Èmi ti gbà pé tèmi ti parí.

Nílé, Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ omi. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú wọn, wọ́n ń jẹun tí mo bá gbé síwájú wọn, wọ́n ń ṣàdúà fún mi láràárọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìròyìn ti gba ìlú pé àáfà lọ wẹ̀ nínú Asà. Mo bá ìyá mi nídìí ààrò, mo ní kí wọ́n bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n ti pinnu. Ìyá mi ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbẹ ná."

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbà, Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Kí ló da ọkọ̀ yẹn nù?" Mo ní, "A dìde ni, Bàbá." "Kí lẹ dìde ṣe?" Mo ní, "A fẹ́ kí yín ni." Wọ́n wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn. "Gbogbo yín?" Mo ní, "Gbogbo wa." Wọ́n ní, "Ká ní ẹ jókòó ńkọ́?" Mo ní, "Ká ní a jókòó, kò ní dà nù." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ sùn, pé àwọn á tún wá wò ó. N ò mọ ohun tí màá ka ìyẹn sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀gá náà ò sùn. Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tí a tò bẹ́ǹṣì tán, a rí i pé wọ́n ti lọ kó àwọn àgbà wá. Ìyá Ọ̀gá gan-an wà níbẹ̀, arúgbó kùjọ́kùjọ́, pẹ̀lú àwọn bàbá kan láti mọ́sálááṣí. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa kọjá, kí wọ́n máa kí wa, pé àwa máa dáhùn lẹ́nu, ìdí wa ò sì gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa, èyí ló le jù. Bàbá àkọ́kọ́ kí wa báyìí, ìdajì ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún. Ọ̀gá fọn fèrè, wọ́n ní, "Ẹ ti kú." A tún ṣe é. Ọmọ báńkì jókòó lóòótọ́, àmọ́ ó tẹrí ba débi pé imú ẹ̀ kan àjẹ̀. Èmi di bẹ́ǹṣì mú lọ́wọ́ méjèèjì, orúnkún mi ń dìde fúnra ẹ̀.

Nígbà tó kan ìyá Ọ̀gá, a jókòó. Gbogbo wa jókòó gbọin, a ní, "Ẹ káàárọ̀ Màmá," bí ẹni tó ń kí ẹgbẹ́ ẹ̀. Màmá dúró. Wọ́n wò wá, wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ tó o ń kọ́ nìyí?" Ọ̀gá ní, "Màmá, mo ti ṣàlàyé fún yín." Màmá ní àwọn gbọ́ àlàyé, àmọ́ ohun tí ojú àwọn rí ò dáa, wọ́n sì yí padà sílé, ọ̀pá wọn ń ró kò-kò-kò. Ọ̀gá fi wá sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sáré tẹ̀ lé màmá wọn láti lọ bẹ̀ wọ́n. Mo rò ó lọ́jọ́ yẹn pé bí màmá tí wọ́n ti ṣàlàyé fún bá lè bínú báyìí, kí ni màá wá retí lọ́dọ̀ bàbá mi, tí wọ́n fi kíkí tọ́ mi dàgbà?

Ọjọ́ ìdánwò kejì dé. Èèyàn kún bèbè, torí ìlú ti gbọ́, wọ́n wá wòran. A wọnú ọkọ̀, a jókòó. Mo wo bèbè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ò rí Bàbá. Mo rí ìyá mi, mo rí àwọn aládùúgbò, mo tilẹ̀ rí àwọn ọmọ kéwú mélòó kan. Bàbá ò sí níbẹ̀. Ọkàn mi bà jẹ́. Mo ní wọ́n ti pinnu nìyẹn, pé wọn ò fẹ́ wá sọ ọ́ lójú èèyàn ni. Fèrè dún, mo gbé àjẹ̀ mi torí ti àwọn yòókù. A lọ, a yípo àmì tí wọ́n gbé sójú omi, a yí ọkọ̀ padà, a ń bọ̀. Àwọn àgbà ń kí wa láti bèbè, "Ẹ kú iṣẹ́ o." A ń dáhùn lẹ́nu, kò sẹ́ni tó dìde.

Igi máńgòrò kan wà lókè odò, ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí èrò wà. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, mo rí etí jàlàbíà funfun tó yọ lẹ́yìn ẹ̀. Mo tún wò ó dáadáa. Bàbá mi ni. Bàbá mi, tí gbogbo ìlú ń kúnlẹ̀ kí, tí wọn ò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ló fi igi bora bí ọmọdé tó ń ṣe bojúbojú. Wọ́n yọjú, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n tún yára fà sẹ́yìn kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má baà rí wọn kí wọ́n dìde. Nígbà tí wọ́n tún yọjú, ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ìdí mi kúrò lórí ìjókòó. Bàbá mirí pé rárá. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́: jókòó. Omi bọ́ lójú mi, n ò sì lọ́wọ́ tí màá fi nù ún. Mo jókòó, mo ki àjẹ̀ mi bọ omi pẹ̀lú àwọn yòókù, mo gba iwájú bàbá mi kọjá, n ò kí wọn.